Wọ́n ka orí, wọn ò ka bẹ́ẹ̀dì

Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, mi ò sì kọ irú nǹkan báyìí rí. Fóònù, bàtà àti ẹ̀rọ ìrànṣọ ni mo máa ń rí táwọn èèyàn ń kọ àgbéyẹ̀wò lé lórí. Ṣùgbọ́n owó tí mo ná sórí ọ̀rọ̀ tèmi yìí ju owó fóònù lọ, bí mo bá sì dákẹ́, ìyá ẹlòmíì á tún jìn sí kòtò tí mo jìn sí. Yunifásítì kan nílùú Abẹ́òkúta níbí ló gba àkọ́bí mi wọlé lọ́dún yìí. Bí wọ́n ṣe gbà á wọlé, àti bí wọ́n ṣe ṣètò ibi tí á máa sùn, lohun tí mo fẹ́ sọ. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọmọ mi ṣì ní ọdún mẹ́rin láti lò lábẹ́ wọn, ẹni tí orí rẹ̀ bá sì wà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ kì í bá a jà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látibi tó dùn. Nígbà tí èmi wọ pólì láyé ọjọ́sí, ara ògiri ni wọ́n máa ń lẹ orúkọ mọ́. Èèyàn á máa fi ìka tọ̀ ọ́ látòkè dé ìsàlẹ̀, òjò á sì ti pa ìdajì rẹ́. Ní báyìí, CAPS, ojú òpó ayélujára tí JAMB gbé dé ní 2017 fún gbígba ọmọ wọlé, ni gbogbo rẹ̀ ń gbà kọjá. Ọmọ mi ń ṣí i lórí fóònù láàárọ̀ lálẹ́ bí ẹni tó gbé ẹ̀wà kaná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló bú sígbe nínú ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà mi ju aṣọ sílẹ̀, ó rò pé ejò ni. Wọ́n ti fún un. Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń sọ pé òun gbà, ó parí. Kò sí pé à ń wọ mọ́tò lọ wo ògiri kankan. Apá yìí, mo fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún, ọpẹ́ náà sì jẹ́ ti JAMB ju ti yunifásítì lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni owó acceptance, owó téèyàn ń san láti fi hàn pé òun máa wá lóòótọ́. Ẹ fi í sọ́kàn pé wọ́n gba owó yìí, nítorí mo máa padà síbẹ̀. Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì láti san án. Pọ́tàlì wọn kì í ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ọmọ tó ń tọ́jú kàfẹ́ ní Sápọ́n ló gbà wá nímọ̀ràn pé ká wá láago márùn-ún ìdájí. Òtítọ́ ló sọ. Fọ́tò ọmọ mi ni pọ́tàlì kọ́kọ́ kọ̀, ó ní ó tóbi jù. A gé e kù, ó ní ó ti kéré jù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la gbé e lọ gbé e bọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ń yẹ ìwé wò, aago mẹ́fà la débẹ̀, èèyàn ti tò dé ẹnu géètì. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé mẹ́fà-mẹ́fà lọ́wọ́, kódà bí wọ́n bá ní mẹ́ta ni kẹ́ ẹ mú wá, nítorí iye tí wọ́n fi ń ta fọ́tòkọ́pì lẹ́nu géètì, bí ẹni ń ta góòlù ni. Ohun tó dá wa dúró ni pé WAEC fi lẹ́tà "h" sínú orúkọ ìdílé wa, NIN ò sì fi í síbẹ̀. Nítorí "h" kan ṣoṣo, a lọ búra ní kóòtù, a padà, a tún tò. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ò tíì ṣe JAMB, ẹ gbé ìwé méjèèjì kalẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ kà á ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ síyẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò ṣàgídí. Obìnrin tó ń gba fáìlì kí wa dáadáa, ó tún bá ọmọ mi to ìwé tí ẹ̀rù ti jẹ́ kó dà rú. Kò bèèrè kọ́bọ̀.

Ó kan ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì.

Ìkéde tí wọ́n fi síta ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ló lẹ́tọ̀ọ́ sí họ́sítẹ́ẹ̀lì ṣáájú ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni tèmi, kò sùn ìta rí àfi ilé ìyá mi àgbà, nítorí náà ìkéde yẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀. Wọ́n ní pọ́tàlì họ́sítẹ́ẹ̀lì máa ṣí láago méjìlá òru ọjọ́ Jímọ̀. Fóònù mẹ́ta la gbé sílẹ̀, tèmi, tirẹ̀, ti àbúrò rẹ̀. Nígbà tí aago lù, gbogbo rẹ̀ ń yí bí òòyì. Nígbà tó fi máa ṣí, aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ti tán. Ọmọ mi wò mí lójú bíi pé èmi ni mo lọ kó o jẹ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo lọ sí ọ́fíìsì wọn. Ọkùnrin kan tó ti ń hewú ló dá mi lóhùn, ó sì fara balẹ̀. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ wò ó, kì í ṣe gbogbo ọmọ tá a bá fún níwèé ló ń wá. Àwọn kan á rí òkè òkun lọ, àwọn kan ò ní rówó, àwọn mìíì á ní ibòmíì ló wu àwọn. Bá a bá fún iye tá a fẹ́ gan-an níwèé, kíláàsì á ṣófo. A máa ń fún ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Lọ́dún yìí, àwọn tó wá pọ̀ ju bá a ṣe rò lọ."

Ó ṣàlàyé fún mi pé àjọ NUC, tó ń bójú tó àwọn yunifásítì, ní iye tó gbà kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan mú nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo olùkọ́, wọ́n á wo yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì. Mo gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ẹni tó bá ti dá aṣọ ẹbí rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Bí ìyàwó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tó ní èèyàn 100 ló máa wọ aṣọ òun, tó sì fi orúkọ wọn hàn mí nínú ìwé, mi ò ní rẹ aṣọ 100. Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Àwọn kan á ní àwọn rìnrìn àjò, àwọn kan á ní aró náà ti dúdú jù, àbúrò ọkọ á bínú pé wọn ò tètè sọ fún òun. Orúkọ 100 kì í ṣe owó 100.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí owó bá ti wọlé, àròsọ parí nìyẹn. Mo mọ ẹni tó sanwó, mo mọ yáàdì tí kálukú fẹ́, mo mọ ẹni tó fẹ́ fìlà mọ́ ọn. Mo wá bi í pé, "Ọ̀gá, owó acceptance tẹ́ ẹ gbà lọ́wọ́ wa, ọjọ́ tó kẹ́yìn rẹ̀ ti lé lóṣù kan báyìí. Ṣé ẹ ò mọ iye ẹni tó san án ni?" Ó ní àwọn mọ̀. Mo ní, "Ẹ mọ obìnrin inú wọn, ẹ mọ ọkùnrin?" Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ẹ mọ àwọn tó ti Sókótó wá àtàwọn tí ilé wọn ò ju Pánṣẹ́kẹ́ lọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà. Ọ́fíìsì tó ń gba ọmọ wọlé ló ní in lọ́wọ́, ọ́fíìsì tó ń pín bẹ́ẹ̀dì kì í rí i títí pọ́tàlì á fi ṣí. Ẹ̀yin ará, ògiri kan péré ló là wọ́n láàárín. Mo gbọ́ ikọ́ ẹni tó wà lọ́hùn-ún.

Ohun tó bí mi nínú nìyẹn, kì í ṣe pé bẹ́ẹ̀dì kéré. Bí wọ́n bá ti sọ fún mi lóṣù kan ṣáájú pé ìwọ tó o ń gbé ìgboro Abẹ́òkúta, ó lè má kàn ọ́, mi ò bá ti wá yàrá ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n jẹ́ kí gbogbo wa jọ máa sá eré kan náà lóru, ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ dára ló bá wọlé. Ọmọ tó ti Sókótó wá, tí kò mọ ẹyẹ kan nílùú yìí, kò rí. Mo bá òun àti bàbá rẹ̀ pàdé lórí bẹ́ǹṣì ní ọ́fíìsì yẹn, àpótí wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn.

A bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá yàrá. Ẹ́jẹ́ǹtì tó mú wa kiri, ọmọkùnrin kan tó ń pè mí ní "Mummy wa", gba owó kó tó fẹsẹ̀ kan ilẹ̀, ó pè é ní owó ìríran. Yàrá mẹ́rin la wò. Mo ní ìmọ̀ràn kan fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìlú yìí: ẹ má wo ọ̀dà, ẹ wo kànga. Abẹ́òkúta kì í ṣe orúkọ lásán. Ibi púpọ̀ wà tí wọ́n gbẹ́ kànga dé ara àpáta tí ọwọ́ ò ràn án mọ́, wọ́n á wá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò, omi á kún un, ẹ́jẹ́ǹtì á máa yangàn. Ẹ ju fámi-fámi sí i, kẹ́ ẹ ka apá okùn tó wọlé, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ bi obìnrin tó ń gbé yàrá ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe ẹ́jẹ́ǹtì, pé ṣé omi máa ń wà níbẹ̀ lóṣù kejì ọdún. A mú ọ̀kan ní Ìjàyè, 200,000 náírà lọ́dún, a tún san 40,000 fún ìwé àti ẹ́jẹ́ǹtì. Onílé kì í gba díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ní pólì kan lókè lọ́hùn-ún ń gba owó NELFUND, owó tí ìjọba ń yá akẹ́kọ̀ọ́, ìjọba san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tààrà fún ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì ń fún un ní 20,000 lóṣù láti fi jẹun. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbé 20,000 lọ bá onílé ní Ìjàyè, kẹ́ ẹ wo ojú rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn tá a sanwó, tí mo ti ra kọ́tìnnì, ni àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé: wọ́n ti fún ọmọ mi ní bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ fún lóru ọjọ́sí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sanwó ẹ̀, nítorí ilé wọn ò jìnnà, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ pé kó má bọ́ lọ́wọ́ àwọn ni. Ẹ ò rí i? Wọ́n ní ká san tiwa láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta. Onílé ní òun ò dá owó padà. Mo jókòó sórí àpótí aṣọ mi, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo san án. Ọmọ mi wá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tó gba yàrá Ìjàyè lọ́wọ́ wa ní 150,000, ìyókù di ọrẹ.

Họ́sítẹ́ẹ̀lì náà ńkọ́? Ó sàn ju bí mo ṣe fọkàn rò ó lọ. Ọmọ mẹ́fà ló wà nínú yàrá tiwọn, bẹ́ẹ̀dì alágbékà, ẹ gbé fóòmù yín wá láti ilé, kẹ́ ẹ sì wọn bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ tó rà á, nítorí tiwa gùn jù, a fi ọ̀bẹ gé e. Omi ń yọ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ilé ìwẹ̀ ni mi ò ní sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Wọ́n ń ti géètì láago mẹ́wàá, wọn kì í sì í tàn wọ́n jẹ lórí ìyẹn. Bàbá pọ́tà tó wà lẹ́nu ọ̀nà mọ orúkọ àwọn ọmọ náà, ó mọ ẹni tí kò tíì jẹun. Ó bá mi gbé àpò láfún àti gààrí ọmọ mi wọlé, ó sọ pé òun náà ọmọ Ẹ̀gbá ni, òun mọ ẹrù láfún lójú. Mo ń lọ sílé, mo ń rò ó pé pọ́tà àti pọ́tàlì, orúkọ wọn fẹ́ jọra, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń gbọ́ ẹ̀bẹ̀.

Nǹkan kan tún kù tí mo rí lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, àmọ́ fóòmù mẹ́jọ ló wà nínú yàrá. Méjì wà nílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, wọ́n ká wọn jọ, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n. Mo bèèrè, ọmọ mi ní ti àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀dì ni. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ Sókótó tá a pàdé lórí bẹ́ǹṣì. Mi ò sọ fún pọ́tà, ẹ̀yin náà ẹ má sọ.

Ẹ̀yin òbí tó ń ti Èkó bọ̀, ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ ní 2021 ń gbé èèyàn dé ibùdó Wọlé Ṣóyínká, kò sí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n ibùdó náà jìn sí ìgboro, ẹ ya owó mọ́tò míì sọ́tọ̀, pàápàá bẹ́ ẹ bá gbé fóòmù dání.

Ìràwọ̀ méjì àtààbọ̀ ni mo fún gbogbo ètò náà. Ààbọ̀ yẹn, ti bàbá pọ́tà ni. Ìgbà tí mò ń kọ èyí lọ́wọ́ ni ọmọ tó gba yàrá Ìjàyè pè mí, ó ní, "Mummy, ẹ kú ọjà o. Fámi-fámi ti ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀."