Àkèré "Nigerian" fún iṣẹ́ láàbù: ohun tí ojú mi rí lẹ́yìn tí mo lò ó

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra àkèré Xenopus tropicalis fún iṣẹ́ CRISPR, ìyẹn ọ̀nà tí wọ́n fi ń gé jíìnì, ìran Nigerian ni kẹ́ ẹ rà, àmọ́ ẹ má rà á lọ́wọ́ ẹni tí ò lè sọ bàbá àti ìyá ẹ̀ fún yín. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lo àkèré yìí ní láàbù kan ní England níbi tí mo ti ń ṣe PhD, mo ti lo èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, mo ti lo èyí tó wá láti ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́jú ìran wọn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí. Ìran náà fúnra ẹ̀, mo fún un ní 4 nínú 5. Àwọn tó kọ́kọ́ tà á fún wa, 1 ni mo fún wọn, mi ò ní dárúkọ wọn.

Fún àwọn tí ò mọ̀ ọ́n, àkèré kékeré ni, bíi sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, inú omi ló ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ó ní èékánná dúdú lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Tiwa ni o. Lọ́dún 1864 tí Gray, onímọ̀ nípa ẹranko, kọ́kọ́ júwe ẹ̀ fún àwọn onísáyẹ́ǹsì, Èkó wà lára ibi tó kọ sílẹ̀ pé wọ́n ti rí i, inú mi máa ń dùn gan-an tí mo bá ń sọ ọ́ fáwọn ọ̀yìnbó tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Nínú láàbù, ìran méjì ló gbajúmọ̀ jù, Nigerian àti Ivory Coast. Ti Nigerian ni wọ́n ka gbogbo DNA ẹ̀ tí wọ́n sì gbé jáde ní 2010, abo kan tí wọ́n ti fi ọmọ ìyá gun ọmọ ìyá dé ìran keje ni wọ́n lò. Kromosóòmù ẹ̀ jẹ́ méjì-méjì lọ́nà 10, kò lọ́jú pọ̀ bíi ti Xenopus laevis ńlá yẹn tó jẹ́ méjì-méjì lọ́nà 18, tó jẹ́ pé irú ọ̀pọ̀lọ́ méjì ló para pọ̀ di ẹyọ kan láyé àtijọ́, tí jíìnì kan wá máa ń ní ìbejì káàkiri. Tropicalis sì tètè ń dàgbà, oṣù 4 sí 6 ó ti lè bímọ tó bá rójú, laevis á gbà tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ló dé tí ọmọ ìyá gígun ọmọ ìyá fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀? Gbogbo wa la mọ genotype, AA, AS, SS. Ẹni tó jẹ́ AA, ẹ̀dà tó gbà lọ́wọ́ bàbá àti èyí tó gbà lọ́wọ́ ìyá bára mu, AS ò bára mu. Bẹ́ ẹ bá ń fi ẹ̀gbọ́n gun àbúrò láti ìran dé ìran, àwọn ibi tó dà bí AS á máa dín kù, àwọn ibi tó bára mu á máa pọ̀ sí i. Ní ìran àkọ́kọ́, 25 nínú 100 àwọn ibi tó dà bí AS á ti bára mu, ìran kẹta 50, ìran keje bíi 78, ìran ogún ju 98 lọ. Inbred ni wọ́n ń pe irú ẹran bẹ́ẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń lo eku kì í pe eku ní inbred àfi tó bá dé ìran ogún. Ẹ wá ṣírò ẹ̀ fún àkèré, ká tiẹ̀ ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, ọdún mẹ́wàá gbáko nìyẹn, fún laevis, ogún ọdún ò ní tó. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bínú tí ẹnikẹ́ni bá kàn lẹ "inbred" mọ́ àpótí àkèré láìsọ ìran mélòó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa rèé. A ṣètò guide RNA wa, ìyẹn RNA tó ń darí Cas9, ènsáìmù CRISPR tó ń gé DNA, síbi tó yẹ kó gé, látinú DNA tí wọ́n gbé jáde yẹn, a gún ẹyin lábẹ́rẹ́, a sì fi àwọn ẹyin kan sílẹ̀ tá ò fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà a lo T7, ènsáìmù tó máa ń gé DNA níbi tí okùn méjèèjì ò bá ti bára mu, tó bá gé, ìlà kan á di mẹ́ta lórí gel, ohun tá a fi ń ya DNA sọ́tọ̀ bó ṣe gùn tó. Àwọn tá a gún ló yẹ kó ní ìlà mẹ́ta, àwọn tá ò fọwọ́ kàn ìlà kan ṣoṣo. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn tá ò fọwọ́ kàn gan-an ń gbé ìlà mẹ́ta jáde! Ọ̀gá mi ní ká tún un ṣe, a tún un ṣe, bákan náà ni. Ìgbà tá a wá ka DNA àwọn òbí ẹ̀ la rí i, ẹ̀dà bàbá àti ẹ̀dà ìyá yàtọ̀ síra níbẹ̀, lẹ́tà kan sì ti yí padà lórí GG tí Cas9 máa ń wò kó tó gé, G kan ti di A, agbára káká ló fi máa gé ẹ̀dà yẹn, tó bá tiẹ̀ gé e. A kọ̀wé sáwọn tó tà á, èsì wọn ni pé "Nigerian ni gbogbo ẹ̀". A ò bá wọn jiyàn Nigerian, inbred la béèrè! Àkèré tó wá láti Nàìjíríà tí wọ́n ń da pọ̀ mọ́ra nínú táǹkì kan láìkọ ohunkóhun sílẹ̀ kì í ṣe inbred, kì í sì í ṣe outbred gidi, èyí tí wọ́n dìídì ń jẹ́ kó wà ní oríṣiríṣi, kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó jẹ́.

Èyí tá a gbà láti ibùdó ìran, ìwé ìdílé ẹ̀ bá a wá, tọkọtaya tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìran tó kàn, àwọn tó ti kú. Ẹyin tá ò fọwọ́ kàn, ìlà kan, mímọ́ tónítóní. Ara tù mí.

Ká má parọ́ ṣá, máàkì kan tí mo yọ, mo mọ ìdí tí mo fi yọ ọ́. Àkèré tí wọ́n ti fi ọmọ ìyá gun ọmọ ìyá tipẹ́ ò lágbára. Ẹyin wọn kéré sí ti àwọn yòókù, nígbà míì ẹ máa gún ìyá lábẹ́rẹ́ hCG, họ́mọ̀nù tó ń mú kó yé ẹyin, tó sì máa yé ẹyin tí kò ní pín rárá, àwọn ọmọ míì á wé bí ìgbín, ọkàn wọn á wú, ẹ ò sì ní mọ̀ bóyá jíìnì tẹ́ ẹ gé ló fà á àbí àléébù tó ti wà nínú ìdílé tẹ́lẹ̀, torí náà àwọn tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ pọ̀, kí wọ́n sì jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Òtútù ò bá wọn lára mu, nǹkan bíi 25 °C ni kí omi wà. Àìsàn ló tún burú jù, nígbà tí jíìnì tó ń dáàbò bo ara bá ti jẹ́ ọ̀kan náà nínú gbogbo wọn, àìsàn tó bá rí ọ̀nà wọ ara ẹyọ kan ti rí ọ̀nà wọ ara gbogbo táǹkì. Mo ti rí i bẹ́ẹ̀, ó dùn mí dọ́kàn.

Ẹni tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ àìsàn àti ìdáàbòbò ara ló ń ṣe, laevis J ni kó wò, èyí tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Jàpáànì, òun náà ni wọ́n ka DNA ẹ̀ jáde ní 2016. Ẹ lè gé awọ pẹ́npẹ́ lára ọ̀kan kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ èkejì lára, á mú, á wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe é fún laevis ọjà lásán, láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan awọ yẹn á dúdú, á gbẹ, á já dànù. Àyẹ̀wò yìí ni mo fẹ́ràn jù torí kò sí ẹni tó lè fi ìwé purọ́ níbẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣe bí òbí ṣe máa ń wádìí ìdílé kí ọmọ tó gbéyàwó. Àkèré mélòó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀? Ìran mélòó? Ṣé wọ́n ti da Ivory Coast mọ́ ọn rí? Mélòó ló ń bímọ lọ́wọ́lọ́wọ́? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yẹn kan àwọn tó fẹ́ kó wà ní oríṣiríṣi, torí tó bá jẹ́ akọ 5 àti abo 5 péré ló ń bímọ, ìran kọ̀ọ̀kan máa pàdánù bíi 5 nínú 100 oríṣiríṣi tó ní, tó bá jẹ́ 25 àti 25, ẹyọ 1 péré. Tí ẹni tó ń tà á bá dáhùn pẹ̀lú "ó dáa, ó dáa", ẹ kọjá síbòmíì.

Ibi tó wà: National Xenopus Resource ní Woods Hole, Amẹ́ríkà, European Xenopus Resource Centre ní Portsmouth, àti yunifásítì Hiroshima ní Jàpáànì. Ẹni tí ò bá ní àyè táǹkì púpọ̀ lè béèrè àtọ̀ tí wọ́n dì, ẹ ó fi sọ ẹyin abo yín dọmọ, ó dín wàhálà ìrìnàjò kù fún àkèré, kò sì kó kòkòrò awọ chytrid wọlé bí àkèré odindi ṣe lè kó o. Àwọn tó wà ní Ìbàdàn àti Ifẹ̀, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má dúró de Woods Hole. Àkèré mélòó kan péré ni gbogbo ìran Nigerian tó wà nínú láàbù káàkiri ayé ti ṣẹ̀ wá, odò àti àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé yín ní oríṣiríṣi tí kò sí nínú táǹkì kankan níbí, ẹ kọ orúkọ odò àti ọjọ́ tẹ́ ẹ mú un sílẹ̀ fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì gé orí ìka ẹsẹ̀ díẹ̀ sínú ọtí fún DNA.