Píkọ́ọ̀pù àlòkù ọlọ́tò: jíà Tacoma, ti Frontier àti ti Ranger

Ẹni tó bá ń wá píkọ́ọ̀pù tí yóò máa kó ẹ̀gẹ́ àti káṣú láti oko wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ́ńjìnnì ló sábà máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n jíà ọ́tò, èyí tó ń yí fúnra rẹ̀, ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi àkókò yín lé lórí. Ẹ́ńjìnnì tó ń jẹ ọ́ìlì ṣì lè máa sìn yín títí ẹ ó fi rówó tún un ṣe. Jíà tí kò mú dáadáa mọ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé síra wọn: Toyota Tacoma 1995 sí 2004 tó ní ẹ́ńjìnnì V6, Nissan Frontier 2005 sí 2010, àti Ford Ranger ẹ́ńjìnnì 4.0 láti 1997 lọ sókè.

Ní ti jíà, Tacoma ni mo fọwọ́ sí jù. A340 ni orúkọ jíà rẹ̀, jíà mẹ́rin péré ló ní, ìkẹrin ni overdrive, jíà eré. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, kébù kan so tìróótù mọ́ ọn, òun ló ń jẹ́ kí jíà mọ bí ẹsẹ̀ yín ṣe wúwo tó. Tí kébù yẹn bá fà jù, jíà á pẹ́ kó tó yí, á sì gbá yín lẹ́yìn nígbà tó bá ń yí. Tó bá dẹ̀ jù, á tètè yí, kò sì ní lágbára. Spánà la fi ń tún un ṣe. Nítorí náà, Tacoma tó ń gbáni láti ìkejì bọ́ sí ìkẹta, ẹ má tíì sá fún un, ẹ kọ́kọ́ wo kébù. Ṣaasí, egungun irin abẹ́ ọkọ̀, ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ní 2008, Toyota fúnra wọn fa wáráńtì ṣaasí ti 1995 sí 2000 gùn di ọdún 15 ní Amẹ́ríkà torí pé ó ń dógùn-ún. Ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fi òòlù kàn án láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí ibì kan bá wọnú, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀, bó ti wù kí jíà rẹ̀ dùn tó.

Frontier ló gba ìfarabalẹ̀. Ọ́ìlì jíà ń gba inú rádíétọ̀ kọjá kó lè tutù, àwọn 2005 sí 2010 yìí sì máa ń là níbẹ̀. Bó bá ti là, omi rádíétọ̀ á wọ inú jíà, ọ́ìlì jíà á sì bọ́ sínú omi. Glycol tó wà nínú kúláǹtì (omi rádíétọ̀ yẹn) á tú gọ́ọ̀mù tó lẹ ojú clutch plate, àwọn páànù tó ń di ara wọn mú nínú jíà, mọ́ ara irin. Tẹ́ ẹ bá ti ń sáré bíi kìlómítà 50 sí 70 ní wákàtí, ọkọ̀ á máa gbọ̀n bí ìgbà tó bọ́ sórí títì alámọ̀ tí òjò ti gbẹ́. Kẹ́ ẹ tó wà á rárá, nígbà tó tutù pátápátá, ẹ ṣí ìdérí rádíétọ̀, kẹ́ ẹ fi aṣọ funfun nu ọrùn rẹ̀. Ọ̀rá kò yẹ kó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa dípísíìkì jíà, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì rẹ̀, yọ (nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é, kì í ṣe ọwọ́ lásán ló ń yọ ọ́), kẹ́ ẹ nù ún sára aṣọ náà. Pupa tó mọ́ gaara ló dára. Bó bá ti di píńkì, tó ń hó, ọ̀rọ̀ ti parí.

Àwọn kan á ti da ọ́ìlì tuntun sí i, wọ́n á sì ti pààrọ̀ rádíétọ̀. Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, àti ohun tó mú kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ọ́ìlì tuntun kò lè lẹ clutch plate tó ti ṣí padà. Frontier tí mo lè fowó sílẹ̀ fún ni èyí tí olówó rẹ̀ ti yọ ọ́ìlì jíà kúrò nínú rádíétọ̀, tó gbé kúlà tirẹ̀ síwájú, tí kò sì gbọ̀n rárá.

Ti Ranger, ẹ wo iná O/D OFF (pé wọ́n ti pa overdrive) ní dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí lórí ọwọ́ jíà. Bó bá tàn tó dúró, ẹnì kan ló tẹ bọ́tìnì. Bó bá ń ṣẹ́jú, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti rí àléébù nínú jíà. Ohun tó sábà máa ń ṣe é ni pé rìfáàsì á pẹ́ kó tó mú láàárọ̀, tàbí kí ẹ́ńjìnnì kàn pariwo láàárín ìkejì sí ìkẹta láìsí pé ọkọ̀ sáré sí i. Gásíkẹ́ẹ̀tì valve body (ibi tó ń pín ọ́ìlì kiri inú jíà) tàbí solenoid (fáàfù oníná inú rẹ̀) ló sábà máa ń fà á, abẹ́ la sì ti ń yọ ọ́ láìsọ jíà kalẹ̀. Ẹ yọ owó iṣẹ́ yẹn nínú iye tí olówó ọkọ̀ pè. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá ti gbóná tí rìfáàsì kò tún mú, ẹ máa lọ.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ti sọ fún olówó rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé: “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sítáàtì rẹ̀ o, àá jọ sítáàtì rẹ̀ ni.” Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí bọ́nẹ́ẹ̀tì ti gbóná, ẹ ní ẹ ó padà wá lọ́la. Ẹ tẹ búrẹ́kì, ẹ fà á láti N sí D, ẹ dá a padà sí N, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fà á sí R. Ìwé iṣẹ́ Toyota ní bí ọ́ìlì jíà bá ti gbóná, D kò gbọdọ̀ kọjá ìṣẹ́jú àáyá 1.2 kó tó mú, kí R má sì kọjá 1.5. Kẹ́ ẹ wá gba ọ̀nà Ìlọrin jáde títí jíà á fi gbóná dáadáa, torí ọ̀pọ̀ àìsàn jíà kì í farahàn nígbà tó tutù. Tó bá ń gbọ̀n lórí eré tó dúró sójú kan, ẹ rọra fẹsẹ̀ òsì kan búrẹ́kì láìsọ tìróótù sílẹ̀. Bí gbígbọ̀n náà bá dúró lójú ẹsẹ̀, torque converter, èyí tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, ló ń ṣe é. Bí kò bá dúró, ẹ wo pílọ́ọ̀gì àti kọ́ìlì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá jíà lẹ́bi.

Ẹ mú rẹwáyà tó ní ẹ̀rọ ìskáànì dání, torí ọkọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà láti 1996 ló ní ojú ihò rẹ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Kó má wulẹ̀ wo kóòdù nìkan, kó wo bóyá ìdánwò tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Bí púpọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ orí bàtìrì láìpẹ́ láti pa kóòdù rẹ́. Ẹ jẹ́ kí olówó wà á fún ọjọ́ mélòó kan, kẹ́ ẹ tún padà wá kà á kẹ́ ẹ tó sanwó.