Mo Ra Fóònù Oní-Wi-Fi Nígbẹ̀yìn: Ohun Tí Ojú Mi Rí Láàárín Oṣù Márùn-ún

Bùbá kan ló fà á. Oníbàárà mi fi fọ́tò sítáì rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù ọmọ iṣẹ́ mi, torí tèmi kò lè gba fọ́tò. Ọmọ náà gba ilé lọ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tòun ti fóònù rẹ̀. Èmi jókòó ti áńkárá yáàdì mẹ́fà, n kò mọ̀ bóyá ọrùn róbótó ni mo fẹ́ gé àbí ọrùn V. Mo pe oníbàárà, ó ní, "Mọ́mì, ẹ ṣáà wo fọ́tò yẹn." Fọ́tò wo? Nokia 105 onítọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ mi.

Mi ò ní ba fóònù yẹn lórúkọ jẹ́ o. Bí mo bá gba iná sí i lọ́jọ́ Àìkú, ó di Ọjọ́bọ̀ kí n tó tún wá ṣájà rẹ̀. Ó ti já bọ́ lórí máṣíìnì mi láìmọye ìgbà. Tọ́ọ̀ṣì orí rẹ̀ ni mo fi ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ bí wọ́n bá múná lọ. Ohun tí mo sì fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kì í jẹ dátà. Mo wà lára àwọn tó mọ GSM láti oṣù kẹjọ ọdún 2001 tí Econet àti MTN bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìṣẹ́jú kan jẹ́ ₦50 tí àwa sì ń fi aago ọwọ́ ṣọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Ẹni tó bá ti ibẹ̀ bọ̀ kì í fi ọ̀rọ̀ owó ìpè ṣeré. Nígbà tí àjọ NCC tún wá fàyè gbà á ní oṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù lè fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn, mo ní ó tán, fóònù ńlá kò kàn mí.

Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni arákùnrin tó ń tẹ̀wé ní sọ́ọ̀bù kẹrin sí tèmi ní Sángo, Ìbàdàn. Starlink, íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń ti orí sátẹ́láìtì wá, ti wọ Nàìjíríà láti oṣù kìíní ọdún 2023, àmọ́ ọdún tó kọjá ni òun gbé àwo tirẹ̀ sórí òrùlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta Wi-Fi, íńtánẹ́ẹ̀tì tí fóònù ń gbà nínú afẹ́fẹ́ láìlo dátà síìmù, fún gbogbo wa. Bébà kékeré kan ló máa já fún ọ, nọ́ńbà ìwọlé wà lára rẹ̀. Gíígì kan níbẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó ń jẹ lórí síìmù.

Mo mú bíírò, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n: wákàtí mélòó ni mo ń lò nítòsí Wi-Fi lóòjọ́? Sọ́ọ̀bù, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méje alẹ́, wákàtí mọ́kànlá. Ilé, òfo. Ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní i, àmọ́ pásítọ̀ àti àwọn tó ń mú kámẹ́rà nìkan ló mọ pásíwọ́ọ̀dù. Wákàtí mọ́kànlá yẹn ni mo tìtorí rẹ̀ lọ sọ́jà. Ká ní òfo ni wọ́n jọ jẹ́, ǹ bá jókòó ti Nokia mi.

Mo wọ Míkírà dé Mọ́kọ́lá, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Queen Cinema ní Èkótẹ̀dó, níbi tí onífóònù pọ̀ sí bí eéṣú. Ọmọkùnrin tó kọ́kọ́ dá mi lóhùn gbé tòkunbọ̀ kan wá, ₦65,000. Ó ń dán, ojú rẹ̀ gbòòrò. Ọmọ iṣẹ́ mi sì ti kìlọ̀ fún mi nílé: "Mọ́mì, ẹ tan Wi-Fi rẹ̀ lójú ẹni tó ń tà á." Mo fọwọ́ kan àmì rẹ̀. Ó tàn, ó kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó tàn, ó kú. Ọmọkùnrin náà gbà á lọ́wọ́ mi, ó pa á, ó tún un tan, ó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i bí ẹni pé àkàrà gbígbóná ni. Ó ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, Mọ́mì." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kẹ̀? Títan Wi-Fi kò dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹnì kankan. Bí bọ́tìnnì yẹn bá kọ̀ tí kò tàn, tàbí tó ṣú tí kò ṣe é tẹ̀, nǹkan ti bàjẹ́ nínú fóònù náà, ẹni tó bá rà á máa fi owó àtúnṣe sunkún.

Sọ́ọ̀bù kẹta ni mo ti rí èyí tí mo rà, ₦72,000. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, torí irú rẹ̀ kún ọjà: Android, RAM gíígì 3, ibi ìkó-nǹkan-sí gíígì 32. Mo ní kí ọkùnrin náà tan hotspot fóònù tirẹ̀, kó máa pín Wi-Fi jáde, kí tèmi so mọ́ ọn. Mo wá gbé fóònù náà jáde, mo rìn kọjá jẹnẹrétọ̀ wọn, mo dé ẹ̀gbẹ́ títì, fídíò tí mo tàn ṣì ń lọ. Mo tẹ *#06#, mo sì ní kó kọ nọ́ńbà tó jáde, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, sára rìsíìtì. Ó wò mí bí ẹni wo ọlọ́pàá.

Ní ọjọ́ kejì, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ padà lọ bá a jà. Orúkọ méjì ni ráútà onítẹ̀wé, àpótí tó ń pín Wi-Fi rẹ̀, ń gbé jáde, ọ̀kan ní 5G nídìí. Ọmọ iṣẹ́ mi rí méjèèjì lórí fóònù rẹ̀, ẹyọ kan ni mo rí lórí tèmi. Mo ní wọ́n ti rẹ́ mi jẹ. Àṣé 5G tibẹ̀ kì í ṣe èyí tí àwọn onísíìmù ń polówó. 5 GHz ni, ọ̀kan nínú ọ̀nà tí Wi-Fi ń gbà rìn nínú afẹ́fẹ́, fóònù mi kò sì mọ̀ ju 2.4 GHz lọ. Èyí tó ga yẹn yára lóòótọ́, àmọ́ ògiri kì í jẹ́ kó rìn jìnnà. 2.4 GHz ló ń la ògiri dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èrò ti pọ̀ jù lórí rẹ̀, Bluetooth náà ń bẹ níbẹ̀. Ògiri mẹ́ta ló wà láàárín èmi àti ráútà. Fóònù ọmọ iṣẹ́ mi ń já lórí 5G rẹ̀ títí tó fi wá bá mi lórí èyí tó rẹlẹ̀.

Ohun tó jẹ mí lówó kọ́ nìyẹn. Mo ra bébà gíígì 3 láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, mo so fóònù mọ́ ọn, mo ń gé aṣọ lọ. Aago mọ́kànlá kò tíì lù tí gbogbo rẹ̀ fi tán. Mo kọ́kọ́ bínú sí onítẹ̀wé. Fóònù mi lolè. Ó gbà pé ọ̀fẹ́ ni gbogbo Wi-Fi, bó bá sì ti rí i báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í tún àwọn áàpù inú rẹ̀ ṣe, á máa kó fọ́tò lọ pamọ́ sórí Google, á máa fa gbogbo fídíò àdúrà tí wọ́n ń jù sí WhatsApp wálẹ̀. Ẹ lọ sínú Wi-Fi, ẹ tẹ orúkọ èyí tí ẹ ń lò, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Metered sí, ẹ yí i sí i. Á mọ̀ pé owó lẹ fi rà á. Ẹ sì pa dátà síìmù bí ẹ bá wà lórí Wi-Fi. Bí ráútà bá kú láìròtẹ́lẹ̀, fóònù á rọra bọ́ sórí síìmù láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀yin á rò pé ẹ ṣì wà lórí bébà.

Bátìrì rẹ̀ kò ṣe é fi wé ti Nokia. Alaalẹ́ ni mo ń gba iná sí i.

Nítorí rẹ̀ ni n kò fi ju Nokia nù. Síìmù tí báńkì mọ̀ mí mọ́ wà nínú rẹ̀, kọ́ọ̀dù ni mo fi ń fowó ránṣẹ́, kò dé orí Wi-Fi tí gbogbo sọ́ọ̀bù jọ ń lò.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ta ata ní Bódìjà gbọ́, ó ní, "Ṣé o ò ní ra dátà mọ́ láéláé nìyẹn? Jẹ́ kí n ra tèmi náà." Mo ní kó má rà á nítorí Wi-Fi. Bí rédíò ló rí, ilé-iṣẹ́ rédíò ló ń sọ̀rọ̀, àpótí kàn ń gbọ́ ni. Kò sí ẹni tó ń ta Wi-Fi nítòsí àtẹ rẹ̀, kò sì sí nílé rẹ̀. Ó ń bínú sí mi títí di báyìí, ó rò pé mi ò fẹ́ kó gbádùn.

Èmi ń gbádùn, mi ò ní purọ́. Mo ń fi ìka méjì fẹ fọ́tò, mo ń rí ibi tí wọ́n ti rán létí ọrùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà mi kan tó wà ní Peckham, ní London, pè mí lórí fídíò, ó fẹ́ rán ìró àti bùbá aṣọ ẹbí. Ó gbé fóònù tirẹ̀ ti ara ògiri, ó fa tépù yọ. Mo ní, "Ó ti gòkè jù, sọ ọ́ kalẹ̀ sí abẹ́ apá. Má fún ikùn, ìwọ lo máa wọ̀ ọ́." A ṣe é fún ogójì ìṣẹ́jú. Èjìká, àyà, gígùn apá, gbogbo rẹ̀ ni mo ń kọ. Ó ku ìdí nìkan. Wọ́n múná lọ, ráútà kú, ojú rẹ̀ dúró gbagidi lórí fóònù tòun ti tépù lọ́wọ́.

Nokia dún lórí máṣíìnì. "Mọ́mì, ìdí, mẹ́rìnlélógójì." Mo tan tọ́ọ̀ṣì rẹ̀, mo kọ ọ́ sílẹ̀.