Ohun èlò tó ń sọ ẹ̀rọ mílíìnì alọ́wọ́yí di CNC: àyẹ̀wò láti ṣọ́ọ̀bù kan ní Òṣogbo

Àkójọ ohun èlò tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni irú èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti orílẹ̀-èdè Ṣáínà fún ẹni tó bá fẹ́ kí ẹ̀rọ mílíìnì kékeré tí a ń fi ọwọ́ yí, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi kọ́tà tó ń yí gé irin, máa gba àṣẹ lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní CNC. Ball screw mẹ́ta, ìyẹn skúrù tó ń gbé tábìlì àti orí ẹ̀rọ rìn, ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ọ̀tì wọn, ilé bíárìnì tí a óò fi gbé ìkángun wọn ró, stepper motor mẹ́ta (motor tó ń yí ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀) tí ìwọ̀n ojú wọn jẹ́ NEMA 23, driver mẹ́ta tó ń fún àwọn motor náà ní iná bí àṣẹ bá ti wí, ẹ̀rọ tó ń sọ iná ilé di volt 48, àti pátákó kékeré kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà rán àṣẹ jáde. Mo ti tò ó sára ẹ̀rọ mi nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Òṣogbo, mo sì ti fi ṣiṣẹ́ fún àwọn oníbàárà. Ìdájọ́ mi ni pé ó yẹ ní rírà, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tan iná sí i bó ṣe jáde látinú àpótí, pàápàá ní ìlú tí iná ti máa ń lọ láìsọ tẹ́lẹ̀ bíi tiwa.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹ̀rọ tí a fẹ́ gbé e lé. Òṣogbo kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí. Ọ̀nà Ìkìrun ni ìjọba àpapọ̀ gbé ilé-iṣẹ́ Nigeria Machine Tools kalẹ̀ sí, pẹ̀lú àjọṣe ilé-iṣẹ́ HMT ti orílẹ̀-èdè Íńdíà, àwọn àgbà tó mọ ìwà irin kò sì tíì tán nílùú. Ọ̀kan nínú wọn ni mo bẹ̀ kó wá wo ẹ̀rọ mi. Kò tilẹ̀ wo àwọn ohun tuntun tí mo tò sílẹ̀; ó di tábìlì ẹ̀rọ mú ní ìkángun méjèèjì, ó tì í síwá, ó fà á sẹ́yìn, ó ní: “Ọmọ mi, tábìlì yìí ń mì. Kó o tó fi kọ̀ǹpútà sí i, fún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ná.” Irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí tábìlì ń gbà rìn, tí bóòtù kéékèèké ń tì mọ́ ọn, ni baba ń wí. Bí irin yìí kò bá fún dáadáa, ball screw tó dára jù lọ kò lè gba iṣẹ́ náà là, nítorí pé kọ́tà yóò máa gbọn tábìlì láìjẹ́ pé skúrù yí rárá. Ìwé tó wà nínú àpótí kò sọ ohunkóhun nípa èyí, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ra irú àkójọ yìí fún ìgbà àkọ́kọ́ ló nílò ìmọ̀ràn náà jù.

Ball screw gan-an ni ohun tó dára jù nínú àkójọ náà. Skúrù tí ẹ̀rọ alọ́wọ́yí máa ń bá wá jẹ́ èyí tí irin ti ń fi ara ha irin. Àlàfo máa ń wà láàrin òun àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní pléè, débi pé bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ padà, tábìlì kì í tètè gbéra. Ẹni tó ń fi ọwọ́ yí i mọ̀ ọ́n lára, ó sì máa ń fa tábìlì kọjá ààyè kó tó dá a padà, kó lè jẹ́ pé apá kan náà ló ti ń bọ̀ nígbà gbogbo. Kọ̀ǹpútà kì í mọ̀ ọ́n lára. Bí a bá ní kó gé ihò roboto, pléè yóò hàn ní ibi mẹ́rin tí tábìlì ti ń yí ìrìn rẹ̀ padà, ojú ihò náà yóò sì tẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nínú ball screw, bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló ń yí láàrin skúrù àti nọ́ọ̀tì, àlàfo náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Èyí tó wà nínú àkójọ yìí ni wọ́n ń pè ní 1605: ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 16, yíyí kan rẹ̀ sì ń gbé tábìlì rìn ní mìlímítà 5. Ìpele tí wọ́n kọ sí i ni C7, èyí tó túmọ̀ sí pé àṣìṣe rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 0.05 lọ nínú ìrìn mìlímítà 300. Stepper motor ń gbé ìṣísẹ̀ 200 ní yíyí kan, driver sì ń pín ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́jọ, ó di 1600. Bí a bá fi mìlímítà 5 pín in, ìṣísẹ̀ 320 ló kan mìlímítà kan. Ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo kò wá ju nǹkan bíi mìlímítà 0.003 lọ, èyí tó kéré jìnnà sí àṣìṣe skúrù fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń yí driver rẹ̀ kó lè pín ìṣísẹ̀ wẹ́wẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ kò ní í rí ìpéye kankan kún ti tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀tì ni iṣẹ́ ti le. Ara rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 28, etí rẹ̀ tí a ń gba bóòtù kọjá fẹ̀ tó 48, àlàfo abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ kékeré kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síta pé kò sí gígé kankan tí a óò ṣe. Fún ẹ̀rọ tèmi, ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Inú irin tó gbé tábìlì ni mo ní láti gbẹ́, kí n tó rí àyè fún un, irin náà sì jẹ́ irú èyí tí a dà, tó máa ń fọ́ bí a bá fi agídí gbẹ́ ẹ. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ mílíìnì ńlá, ẹ má ṣe fi gíráńdà ọwọ́ ṣe é.

Ilé bíárìnì ni mo rò pé ẹni tó ṣe àkójọ yìí fi fowó pamọ́ lọ́nà tí kò tọ́. BK12 ni wọ́n kọ sí i lára, irú èyí tó yẹ kó ní bíárìnì méjì tí wọ́n ṣe láti gba ìtì síwá-sẹ́yìn. Nígbà tí mo tú u, bíárìnì lásán, irú èyí tí a ń fi sínú fáànù, ni mo bá níbẹ̀. Irú bíárìnì bẹ́ẹ̀ ní àyè díẹ̀ nínú, pléè tí a tìtorí rẹ̀ san owó ball screw yóò sì gba ibẹ̀ wọlé padà. Mo wá bíárìnì 7001, irú èyí tó ń gba ìtì síwá-sẹ́yìn, rà ní méjì-méjì ní Ìbàdàn, mo dojú wọn kọ ara wọn, mo sì fún wọn díẹ̀. Kí n tó pààrọ̀ wọn, mìlímítà 0.08 ni dial gauge, ohun tí a fi ń wọn ìrìn tó kéré gan-an, ń kà bí tábìlì bá yí ìrìn padà. Lẹ́yìn náà, 0.02 ló kù. Owó bíárìnì yìí kò tó nǹkan lára iye tí gbogbo àkójọ náà ná mi, bẹ́ẹ̀ ipa rẹ̀ ju ti ohun mìíràn tí mo fi kún un lọ.

Àwọn stepper motor náà lágbára tó fún alumíníọ̀mù, àti fún irin lásán bí a bá ń gé e díẹ̀díẹ̀. Wọn kò ní ohun tí wọ́n fi ń mọ ibi tí wọ́n dé, nítorí náà bí kọ́tà bá há tí ìṣísẹ̀ sì sọnù, kọ̀ǹpútà yóò máa bá iṣẹ́ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Irú èyí tó ní encoder, tó lè sọ fún driver pé òun ti ṣìnà, wà lọ́jà, ó sì wọ́n jù ú lọ. Fún ìrìn ọ̀tún-òsì àti iwájú-ẹ̀yìn, n kò rí ìdí tí oníṣọ́ọ̀bù kékeré fi gbọ́dọ̀ rà á. Ohun tí mo ṣàtúnṣe rẹ̀ ni iná wọn. Wọ́n kọ ọ́ sára driver pé kò gbọdọ̀ gbà ju volt 50 lọ, wọ́n sì fi ẹ̀rọ iná tó ń gbé 48 jáde tì í. Àyè tó kù kéré jù, torí pé bí motor bá ń dúró lójijì, òun náà a máa dá iná padà sínú driver. Skúrù kékeré kan wà lára ẹ̀rọ iná náà tí a lè fi dín in kù; mo gbé tèmi wá sí 44.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbé nílùú wa fara balẹ̀ kà jù lọ ni ti ìgbà tí iná bá lọ. Ní Òṣogbo níhìn-ín ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná mànàmáná gbogbo orílẹ̀-èdè wà, síbẹ̀ iná ń lọ ní àdúgbò wa bó ṣe ń lọ níbòmíràn. Skúrù àtijọ́ tí irin ti ń ha irin máa ń di ara rẹ̀ mú: bí a bá fi ọwọ́ sílẹ̀, orí ẹ̀rọ yóò dúró síbi tó wà. Ball screw kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú kó máa yí wọ́ọ́rọ́wọ́ náà ló mú kí ẹrù lè yí i padà. Iná tó wà nínú stepper motor nìkan ló ń di orí ẹ̀rọ mú lókè, bí iná náà bá sì ti lọ, orí ẹ̀rọ, tó wúwo ju ohun tí ènìyàn kan lè dá gbé, yóò sọ̀kalẹ̀ lórí iṣẹ́, lórí kọ́tà, tàbí lórí ọwọ́ ẹni tó ń fọ irin wẹ́wẹ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀. Àkójọ yìí kò ní bíréèkì kankan. Mo ka èyí sí àléébù tó tóbi jù lára rẹ̀, mi ò sì rò pé ó yẹ kí wọ́n máa tà á bẹ́ẹ̀ láìkọ ìkìlọ̀ sí i.

Àtúnṣe méjì ni mo ṣe sí i. Mo fi stepper motor tó ní bíréèkì pààrọ̀ ti òkè-sí-ìsàlẹ̀. Volt 24 ló ń ṣí bíréèkì náà, bí iná bá sì lọ, spring inú rẹ̀ yóò tì í pa lójú ẹsẹ̀. Mo tún fi ọ̀pá méjì, irú èyí tó ń gbé ilẹ̀kùn búùtù ọkọ̀ sókè, ran orí ẹ̀rọ lọ́wọ́, kí gbogbo ìwúwo náà má baà wà lọ́rùn motor.

Inverter nìkan kò sì tán ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so kọ̀ǹpútà àti driver mọ́ inverter, wọ́n á sì fi motor tó ń yí kọ́tà sílẹ̀ lórí iná ìjọba torí pé ó ń jẹ iná púpọ̀. Bí iná bá lọ báyìí, kọ́tà yóò dúró, ṣùgbọ́n tábìlì yóò ṣì máa wọ́ irin lọ bá a, kọ́tà yóò sì kán. Mo so relay kan, ìyẹn swíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń dì mú, mọ́ iná ìjọba. Bí iná bá ti lọ, relay yóò jábọ̀, kọ̀ǹpútà yóò rí i, yóò sì dá tábìlì dúró kíá. Bákan náà ni mo ṣe wáyà swíìṣì tó wà ní ìkángun ìrìn tábìlì: iná ń gba inú wọn kọjá nígbà gbogbo, tó fi jẹ́ pé bí wáyà bá já, ẹ̀rọ yóò dúró, kò ní í máa rìn lọ.

Ní ti ètò ìdarí, Mach3 ni ìwé àkójọ náà dábàá. Orí Windows ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí a kò bá tíì san owó rẹ̀, kì í kọjá ìlà 500 nínú iṣẹ́ kan, bí a bá sì fẹ́ kó gba parallel port, ojú ìsopọ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, sọ̀rọ̀, Windows 32-bit ló ń béèrè. LinuxCNC, ètò ìdarí mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ni mo yàn, mo sì yìn ín láìfi ohunkóhun pamọ́. Ọ̀fẹ́ ni, kì í béèrè íntánẹ́ẹ̀tì nígbà iṣẹ́, ibi tí wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni NIST, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó òṣùwọ̀n, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní EMC. Kọ̀ǹpútà àlòkù tó ní parallel port tó fún un: bí tábìlì bá ń rìn ní mìlímítà 2000 ní ìṣẹ́jú kan, àṣẹ bíi 10,667 ni yóò máa jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, èyí kò sì ju agbára irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lọ, bí a bá ti kọ́kọ́ fi ètò àyẹ̀wò tó bá LinuxCNC wá rí i pé kì í dá dúró láàrin àṣẹ. Relay tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè, fáìlì kékeré tí a ń pè ní HAL ni mo fi so ó mọ́ motion.feed-inhibit, ibi tí LinuxCNC ti ń gba àṣẹ láti dá ìrìn tábìlì dúró; mi ò ra ohun mìíràn kún un.

Iṣẹ́ tí mo fi dán an wò ni ilé bíárìnì 6205 fún ẹ̀rọ ìlọta kan. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ mìlímítà 52, kò gbọdọ̀ ní etí tó tẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bíárìnì yóò máa mì nínú rẹ̀, yóò sì tètè bàjẹ́. Kọ́tà kékeré ni mo fi yí ihò náà po, mo fi èyí tó kẹ́yìn gé díẹ̀ péré. Bíárìnì wọlé pẹ̀lú ìtì ọwọ́ tó le díẹ̀, kò sì mì nígbà tí mo wò ó ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lórí ẹ̀rọ alọ́wọ́yí, orí tí a fi ń gbẹ́ ihò tóbi ni ǹ bá lò, oníbàárà náà ì bá sì dúró pẹ́.

Iye tí wọ́n ń tà á ń tẹ̀ lé dọ́là, nítorí náà kò wúlò kí n kọ ọ́ síbí. Bóòtù mélòó kan kò sí nínú àpótí tèmi, ẹni tó tà á sì fi òmíràn ránṣẹ́ láìjiyàn. Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wọn àlàfo abẹ́ tábìlì yín kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bíárìnì tó wà nínú BK12, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi motor tó ní bíréèkì pààrọ̀ ti òkè-sí-ìsàlẹ̀ kí wọ́n tó di ẹrù náà. Ẹni tó tà á fún mi ti gbà láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún oníṣọ́ọ̀bù kan ní Òkè-Fìà tí mo júwe rẹ̀ fún, owó tó fi kún un kò sì tó ìdajì ohun tó ná mi láti ra bíréèkì náà lọ́tọ̀.