Fílà géèjì oníewé 17: bí mo ṣe fọwọ́ ara mi ṣe tápẹ́ẹ̀tì fún ìgbà àkọ́kọ́

Ó tó oṣù mẹ́ta tí ọ̀kadà mi, Honda CG125, fi dá mi lágara. Láàárọ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, ẹ̀ẹ̀kan péré ni n ó ta á tí yóò jí. Àmọ́ tí mo bá ti gùn ún rìn jìnnà, tí mo wá pa á níléepo, màá ta á títí ẹsẹ̀ á fi máa ro mí. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Mo fọ kabúrétọ̀. Ibi tó wà náà ló wà.

Ohun tó ṣì mí lọ́nà ni pé ẹ́ńjìnnì ọ̀hún kò pariwo. Mẹkáníìkì tó ṣe tápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ (àyè abẹ́ rọ́kà, apá irin tó ń ti fáàfù ṣí) gbẹ̀yìn kò lo fílà géèjì kankan, ìyẹn àwọn ewé irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń wọn àyè, ó fi ìka mi rọ́kà, ó dé e padà, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ gbọ́ ọ, ẹ́ńjìnnì yín ò sọ̀rọ̀ mọ́." Inú mi dùn, mo sanwó. N kò mọ̀ pé tápẹ́ẹ̀tì tó fún jù ló máa ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Irin a máa gùn sí i tó bá gbóná, ìdí nìyẹn tí àyè tíńtín fi gbọ́dọ̀ wà láàárín rọ́kà àti ìdí fáàfù, ìlẹ̀kùn kékeré tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tí éèfín sì ń gbà jáde. Tí àyè yẹn kò bá sí, fáàfù kò ní lè pa dé dáadáa tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, kọ̀mpíréṣàn (afẹ́fẹ́ àti epo tí ẹ́ńjìnnì fún pọ̀) á máa jò, èèyàn á sì máa ta máṣíìnì lásán. Fáàfù tó wà lápá sàìlẹ́ńsà ló tiẹ̀ ń jìyà jù, torí ìgbà tó bá jókòó pa dé ló ń rí ibi tú ooru ara rẹ̀ sí. Tí kò bá jókòó, jíjó ló máa jó.

Mo bá lọ ra fílà géèjì ní Àgódì Gate, n'Ìbàdàn. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á fara balẹ̀ kà. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé fún mi ní ewé irin 20. Ó bẹ̀rẹ̀ láti 0.05 mìlímítà, ó fo lọ sí 0.10, ó lọ sí 0.15, bẹ́ẹ̀ ló ń fi 0.05 gòkè títí dé 1.00. Fáàfù méjèèjì CG125 sì ń fẹ́ 0.08 nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Kò sí 0.08 níbẹ̀! Ìyá tó ń tajà ní, "Ọmọ mi, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn." Mo ní, "Ẹ má bínú mà, ẹ jẹ́ kí n tú èkejì yẹn wò." Ewé 17 ni èkejì ní, ṣùgbọ́n láti 0.02 dé 0.10, kò fo ìkankan. Òun ni mo san ₦4,500 fún. Ewé tó pọ̀ jù kọ́ ló ṣe pàtàkì, àwọn tín-ín-rín ìsàlẹ̀ wọ̀nyẹn ni máṣíìnì ń lò.

Mo jẹ́ kí máṣíìnì sùn mọ́jú kó lè tutù dénú. Mo tú táńkì epo kúrò kí n lè ráàyè, mo ṣí ìdérí rọ́kà, mo yọ púlọ́ọ̀gì. Mo gbé e sórí sítáǹdì ńlá, mo ki í sí jíà tó kẹ́yìn, mo wá ń fọwọ́ yí táyà ẹ̀yìn síwájú díẹ̀díẹ̀. Sítírọ̀ tí wọ́n fi ń mu mínírà ni mo kì bọ ihò púlọ́ọ̀gì kí n lè mọ ìgbà tí písítíìnì bá dókè. Ó dókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n rọ́kà méjèèjì le gan-an. Ìgbà tí éèfín ń jáde tán ni mo bá a, kì í ṣe ìgbà kọ̀mpíréṣàn. Ẹ wo fáàfù apá kabúrétọ̀: tó bá lọ sísàlẹ̀ tó padà wá sókè, písítíìnì tó bá dókè tẹ̀ lé e ni ẹ ń wá.

Mo wá ki géèjì bọ̀ ọ́. Lápá kabúrétọ̀, 0.02 nìkan ló wọlé. Lápá sàìlẹ́ńsà, 0.02 gan-an kò wọlé. Àyà mi já. Oṣù mẹ́ta ni mo ti ń gùn ún báyẹn.

Títú nọ́ọ̀tì orí rọ́kà kò le, dídè é ló gba sùúrù. Tí ẹ bá ti ń fún nọ́ọ̀tì, ìdè àárín rẹ̀ tí a fi ń ṣe àyè náà a máa bá a yí, 0.08 á di 0.05 lójú yín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un ṣe kó tó gbà. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé 0.08 á wọlé, á sì máa fà díẹ̀ bí owó bébà tó wà láàárín ìwé tó pa dé; 0.10 kò ní wọlé rárá.

Géèjì náà ní àléébù. Ewé 0.02 ká jọ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kìíní, kò sì ní wúlò mọ́. Gbogbo ewé ló gún régé, kò sí èyí tí orí rẹ̀ tẹ̀, nítorí náà ó ṣòro láti fi dé abẹ́ rọ́kà iwájú, àfi ìgbà tí mo tú bóòtì ìdí géèjì tí mo yọ 0.08 dá wà. Ọ̀rá tí wọ́n fi pa á láti ilé iṣẹ́ pọ̀, ẹ nù ún dáadáa kí ẹ tó wọn nǹkan kan, kí ẹ sì fi ọ́ìlì díẹ̀ pa á padà tí ẹ bá ṣe tán, torí ìpẹtà. Àmọ́ nọ́ńbà ara rẹ̀ hàn kedere, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì já mi kulẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì mi ń dún tà-tà-tà fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ báyìí láàárọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo pa á níléepo, mo ra epo, mo ta á lẹ́ẹ̀kan, ó jí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mo tún ṣí i wò: 0.08 wọlé lọ́tùn-ún lósì, 0.10 kọ̀.