Kréyọ́nì ọlọ́ràá tàbí tusche olómi lórí òkúta lithography?

Nínú lithography, ìyẹn títẹ àwòrán jáde láti orí òkúta, ọ̀rá tí a fi yàwòrán ló ń mú yíǹkì. Fún ìlà tí ọwọ́ fà fìà, kréyọ́nì ló rọrùn jù láti kápá. Nọ́mbà 1 rọ̀, ó lọ́ràá. Nọ́mbà 5 le, ìlà rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ibi tó yọ lára òkúta nìkan ló ń mú, ìdí nìyẹn tí dúdú rẹ̀ fi máa ń ní tótòtó funfun nínú.

Tusche, ìyẹn yíǹkì ọlọ́ràá tí a fi omi pò, yàtọ̀. Búrọ́ọ̀ṣì ló ń gbé e, ṣùgbọ́n omi ló ń pinnu ibi tí ọ̀rá yóò dì sí bó ṣe ń gbẹ. Ẹwà rẹ̀ nìyẹn, wàhálà rẹ̀ náà nìyẹn: bí ásíìdì inú gọ́ọ̀mù tí a ń fi pa òkúta lẹ́yìn yíyàwòrán bá kéré jù, ibi tó fẹ́ẹ́rẹ́ yóò di dúdú pátápátá lábẹ́ rólà yíǹkì; bó bá pọ̀ jù, yóò jó o dànù. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí gọ́ọ̀mù tó kàn án. Èyí ó wù kó jẹ́, má fọwọ́ kan òkúta o. Ọ̀rá ìka náà ń tẹ̀ jáde.