Ms. Marvel: Akọni Obìnrin Tí Ìyá Rẹ̀ Rán Aṣọ Fún

Ọdún 2022 ni wọ́n gbé Ms. Marvel jáde lórí Disney+, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo eré lórí ayélujára, ìpín 6 péré ni, ṣùgbọ́n ìgbà ìsinmi iléèwé tó kọjá yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó wò ó tán, nílé wa ní Òkélélé, Ìlọrin, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 13. Mo ti wo ọ̀pọ̀ eré tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n fi obìnrin ṣe akọni alágbára àràmàǹdà. Ohun tí ó máa ń dùn mí nínú púpọ̀ wọn ni pé òǹkọ̀wé á kàn gba ẹ̀ṣẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin, á fi lé obìnrin lọ́wọ́, á sì gbà pé iṣẹ́ parí. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ kì í ní ilé tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kì í sì í sí ẹni tí ó lè bá a wí.

Kamala Khan, ọmọ ọdún 16 tí wọ́n kọ eré yìí lé lórí, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Jersey City ní Amẹ́ríkà ni ó ń gbé, Pakisítánì ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Mùsùlùmí sì ni gbogbo ilé wọn. Ní ìpín kìíní, ìjà tí ó ń jà kò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí ó lọ sí àpéjọ àwọn tó fẹ́ràn akọni. Ìyá rẹ̀, Muneeba, kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ọkàn ìyá rọ̀, ó ní kí baba sin ọmọ lọ, ni baba bá kun ara rẹ̀ ní àwọ̀ ewé bíi ti akọni tí wọ́n ń pè ní Hulk, tí inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Kamala ní ẹ̀tẹ́ ni ìyẹn máa jẹ́ fún òun. Bí ojú baba náà ṣe yí padà wọ̀ mí lára ju gbogbo ìjà inú eré náà lọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àǹtí, kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ sí bàbá ẹ̀." Òǹkọ̀wé tí ó lè mú kí ọmọdé dá akọni lẹ́bi, kí ó sì tún máa fẹ́ kí akọni náà borí, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Bisha K. Ali ni ó ṣe olórí àwọn tó kọ ọ́. Iman Vellani tó ṣe Kamala kò sì tíì ṣe eré kankan rí ṣáájú èyí.

Ẹ̀gbà ọwọ́ tí ìyá-ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Karachi ní Pakisítánì ni ó ta agbára ìmọ́lẹ̀ tó sùn nínú Kamala jí. Ìyá ìyá-ìyá rẹ̀, Aisha, ló ni ín tẹ́lẹ̀. Ní àdúgbò wa níbi, tí àwọn obìnrin ti ń mọ ìkòkò, kò sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí ọmọbìnrin ti kọ́ iṣẹ́: ọwọ́ ìyá rẹ̀ ni, ìyá náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Bóyá ìdí nìyẹn tí ìpín karùn-ún fi mú mi tó bẹ́ẹ̀. Ó gbé wa padà sí ọdún 1947, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kúrò ní Íńdíà, tí wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì, tí èrò kún ibùdókọ̀ ojú irin bámúbámú, tí ọmọ kékeré kan sì sọnù mọ́ baba rẹ̀ lọ́wọ́. Kamala bá ara rẹ̀ lóru ọjọ́ náà, ó sì fi ìmọ́lẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ darí ọmọ náà padà sọ́dọ̀ baba. Ìyá-ìyá rẹ̀ gan-an ni ọmọ yẹn.

Mo tún fẹ́ràn Nakia, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lo híjáàbù. Kò ní agbára àràmàǹdà kankan, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí, tí ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun sì ń dẹnu kọlẹ̀, ó dìde du ipò nínú ìgbìmọ̀ mọ́ṣáláṣí.

Àléébù rẹ̀ wà. Ọwọ́ yẹpẹrẹ ni wọ́n fi mú àwọn ọ̀tá. Najma, olórí wọn, ń lépa ẹ̀gbà náà bí ẹni pé kò láàánú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ yí padà, tí ó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí ibi tó ya láàárín ayé yìí àti ayé tí òun ti wá, a kò sì rí ohun tó sún un débẹ̀ dáadáa. Bákan náà, nínú ìwé aláwòrán tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ara Kamala fúnra rẹ̀ ló máa ń gùn tí ó máa ń fẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sì yí padà, àwọ̀ obìnrin òyìnbó onírun wúrà ló gbé wọ̀, nítorí ó rò pé bẹ́ẹ̀ ni akọni ṣe ń rí. Ó dùn mí pé wọ́n yọ ìyẹn kúrò, torí àwọn ọmọ wa nílò rẹ̀.

Àgbàlagbà tó bá fẹ́ èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wo Jessica Jones ti 2015, níbi tí obìnrin kan tó lè fi ọwọ́ gbé mọ́tò ti ń bá ọkùnrin tó ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán darí ènìyàn jà. Kì í ṣe ti ọmọdé rárá. Ms. Marvel ni kí ẹ bá àwọn ọmọ yín wò. Nígbà tí ìyá Kamala mọ àṣírí rẹ̀, aṣọ akọni tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ni ó gbé fún un. Nínú ìràwọ̀ 5, mo fún eré yìí ní 4. Ti Najma ni èyí tí mo yọ.